Ago Tó Ń Sáré

"Kí ló ń lé ago yìí?"

Àǹtí mi gbé ago náà sétí, ó bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò màmá mi ni, iṣẹ́ àtúnṣe ago ló ń ṣe. "Ago oníkánjú rèé! Láàárín àárọ̀ sí ìsinsìnyí, ó ti fi wákàtí kan sáré ju ago ògiri lọ!"

Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ago àpò bàbá àgbà ni, kò sì ṣiṣẹ́ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, àfìgbà tí mo tú u tún ṣe. Òun ni mo fẹ́ gbé lọ síbi ìdánwò ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tá a bá fọwọ́ ara wa tún ṣe la máa gbé síwájú wọn, ẹni mẹ́wàá péré ni wọ́n sì ń mú. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

"Ibo lo kán òróró sí?"

"Gbogbo ibi tó ń yí ni."

"Títí kan sípíríǹgì tó rí tín-ín-rín bí irun yìí?"

Yéè, mo gbé e! Sípíríǹgì yẹn kì í fẹ́ òróró. Tí òróró bá ti kàn án, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ra, ago á wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó tì mí rọra yọ́ sọ̀rọ̀. "Yọ gbogbo játijàti yẹn dànù, jàre. Fi ẹ̀rọ bátìrì sí i. Ta ló máa ṣí i wò?"

Ká má purọ́, ó wù mí. Ẹ̀rọ bátìrì kan wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí tó máa gba ibẹ̀. Mo fa dúrọ́ọ̀ náà ṣí, mo sì ṣí ìdérí ẹ̀yìn ago náà kí n lè wọn àyè rẹ̀, ni mo bá rí àmì mẹ́ta tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ síbẹ̀, ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," Àǹtí ní. "Ẹni tó bá tún ago ṣe á họ àmì ẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọwọ́ tó ti kàn án. Wo ti àkọ́kọ́ yìí, wọn ò tíì bí bàbá àgbà ẹ nígbà yẹn." Ó na abẹ́rẹ́ sí mi. "Tìẹ náà á wà níbẹ̀. Kí lo fẹ́ họ?"

Ojú tì mí. Mo ti dúrọ́ọ̀ yẹn padà gbàgà.

Mo fi ẹ̀mú yọ sípíríǹgì náà, mo rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù. Kò tú. Mo tún un rẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi ẹ̀mú fà á jù, etí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo sunkún, mo nu ojú, mo tún bẹ̀rẹ̀, títí ó fi tú. Àǹtí ní kí n gbé e wá kóun tọ́ ọ, mo kọ̀ jálẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n ní kó ṣe é!

Lọ́jọ́ ìdánwò, rédíò ẹnì kan ń kọrin, fáànù ẹlòmíì ń fẹ́ yẹ́yẹ́. Olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò dúró níwájú mi.

"Ṣé tìẹ ń lọ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Rárá, sà. Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sáré lójúmọ́. Èmi ni mo kán òróró síbi tí kò yẹ. Nígbà tí mo sì ń fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí sípíríǹgì wọ́."

"Fi hàn mí."

Mo tú u, mo tọ́ka síbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Dé e padà," ó ní. "Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, bí wọ́n ṣe ń tọ́ èyí ni màá kọ́kọ́ kọ́ ẹ."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í ṣe pamọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa kọ́ yín níṣẹ́.