Ewúro Inú Ìgò Lékeléke

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Kọ́lápọ̀, ìdérí bíà ló gbé sí imú. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Matilda ní Ẹgbẹ́dá, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó to bírò sí àpò àyà. Ó ń gbóòórùn ìdérí náà, ó sì ń mi orí. Mo ti rí wèrè rí ní ọjà Ìkòtún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí fọ aṣọ.

Bíà Dádì mi ni mo wá rà. Lékeléke ni Dádì ń mu, ìgò kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bíà kíkorò tí àwòrán ẹyẹ funfun wà lára rẹ̀. Mo ní kí Matilda mú un wá. Kó tó dìde, wèrè mi ti dá sí i.

"Ẹ má rà á, àǹtí," ló wí. "Kì í ṣe Lékeléke mọ́ nìyẹn. Omi ọkà bàbà ni wọ́n rọ sínú ìgò rẹ̀."

Matilda pòṣé. Ó ní láti àárọ̀ ni tíṣà yìí ti ń lé oníbàárà òun. Mo wo ọkùnrin náà láti orí dé bàtà, mo bi í bóyá òun ló ń pọn ọ́n. Ó ní rárá o, ṣùgbọ́n òun lè pọn èyí tó dára jù ú lọ. Mo ní kó lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kó yé dúró síwájú ilé ọlọ́tí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù, nítorí pé ó dùn ún wò.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Ọdún 1988 nìyẹn, ọdún tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọ̀lú, tí àwọn tó ń pọn bíà wá yà sídìí ọkà bàbà. Dádì fúnra rẹ̀ ti ń bú Lékeléke tuntun láti oṣù mélòó kan. Á mu ún tán, á wá bú u. Dádì mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbà pé ahọ́n òun nìkan ló mọ adùn ní gbogbo Gowon Estate. Ọkà bàbà, lójú tirẹ̀, oúnjẹ adìẹ ni.

Kọ́lápọ̀ ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpájà. Mo mọ̀ nítorí pé ó tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ náà títí dé ibùdókọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìkorò. Ọkùnrin mìíràn á sọ̀rọ̀ nípa ojú mi tàbí ìrìn mi. Èyí ń sọ fún mi pé ewé kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní họ́ọ̀pù ló ń mú bíà korò, àti pé Lékeléke àtijọ́ gba ewé yẹn dáadáa. Mo bi í bóyá bó ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ nìyí. Ó ní òun kì í sábà bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe wá fẹ́ràn rẹ̀. Tìbínú-tìbínú ni. Ó máa ń wá sí ọ́fíìsì tí mo ti ń tẹ̀wé ní Abúlé Ẹ̀gbá, á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, á jẹ ẹ̀pà tán, á kó gúgúrú fún mi. Wùnmí mi ló ń pè mí. Ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ tó bá pe orúkọ yẹn, inú mi á dùn gan-an, màá wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó má baà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Dádì ló kù. Dádì ti lé ọkùnrin méjì lọ nítorí mi kí Kọ́lápọ̀ tó dé. Nílé wa, bí ará ilé ọkọ bá gbé ọtí wá láti tọrọ ọmọ, tí bàbá ọmọ bá ṣí i tó sì mu ún, ó ti gbà nìyẹn, kò sí ẹjọ́ mọ́. Bí kò bá gbà, á dá ọtí padà pẹ̀lú ìdérí lórí. Simeon tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì gbé kéréètì tirẹ̀ padà bó ṣe gbé e wá. Festus náà gbé tirẹ̀. Dádì ní òun ò lè fẹnu kan ọtí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ló kàn, ó rẹ́rìn-ín débi pé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ó ní kí n sọ fún tíṣà mi pé tó bá rí Lékeléke àtijọ́ gbé wá, òun á mu ún. Tí kò bá rí i, kó jókòó sí Ìpájà rẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé Lékeléke àtijọ́ kò sí mọ́ ní gbogbo Èkó.

Mo jíṣẹ́ fún Kọ́lápọ̀. Mo rò pé á bínú, mo tilẹ̀ ti ń múra láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó kàn ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Màá pọn ọ́n."

Yàrá kan ló ń gbé ní Ìkòtún, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kojú ilẹ̀kùn. Ó rẹ ọkà bàbà sínú bàfù, ó tẹ́ àpò ìrẹsì tútù sábẹ́ ibùsùn, ó sì jẹ́ kí ọkà hù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná pò ó, ó sẹ́ ẹ, ó sè é. Yíìsì àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ló fi sí i. Ó wá ń rọ ọ́ sínú àwọn ìgò Lékeléke tó ti ṣófo, ó ń fi òòlù lu ìdérí tuntun mọ́ ọn. Gbogbo yàrá náà ń rùn bí ògì kíkan, àlejò ò lè jókòó níbẹ̀ pẹ́.

Họ́ọ̀pù kò sí ní Ìkòtún, nítorí náà ó ní ewúro lòun máa fi rọ́pò rẹ̀. Èrò yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ewúro kì í wọ ìkòkò láìfọ̀. Ó bá fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, títí tí kò fi hó mọ́, ó da gbogbo omi rẹ̀ sí gọ́tà, ó sì wá ń yà á lẹ́nu pé bíà òun dùn bí omi ṣúgà. Ẹni tó gba dìgírì nínú kẹ́mísírì o. Ó ti pọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó wá ṣàlàyé fún mi pé ewúro Èkó kò korò tó ti ìlú àwọn.

Mo bi í bóyá ó fọ̀ ọ́.

"Ṣé a kì í fọ ewúro ni?" ló wí.

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ bàtà, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ á máa rùn bí àgbo, nítorí náà inú ibòòji la ó sá a sí títí á fi gbẹ. Díẹ̀ la ó fi sí i nígbà tó bá ń hó. A ó wá rin orógbó sí i nígbẹ̀yìn, kí ìkorò náà lè pẹ́ lẹ́nu. Ó bá mi jiyàn lórí orógbó. Kọ́lápọ̀ kì í gbà pé ẹlòmíì mọ nǹkan. Tó o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á ní kó o ṣàlàyé. Nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo rin orógbó sí i.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù lábẹ́ ibùsùn. Ṣúgà tó fi sí i ti pọ̀ jù. Láńlọ́ọ̀dù rẹ̀, Alhaji Àmúsà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀, ó rò pé adigunjalè ti wọlé. Nígbà tó wá rí i pé bíà ni, ó ní nínú ilé òun, ilé mùsùlùmí? Ó ní kí Kọ́lápọ̀ kó ìkòkò rẹ̀ jáde tàbí kó kó ara rẹ̀ jáde. Kọ́lápọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, bíà sì ń kán sílẹ̀ láti irun rẹ̀.

Bí Alhaji ṣe lọ tán, Kọ́lápọ̀ fi ìka nu èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lá a. Ó ní, "Wùnmí, tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Lékeléke ni. Lékeléke ayé ìjọ́un, èyí tí mo máa ń jí tọ́ wò nídìí ìgò Dádì. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn láàárín àfọ́kù ìgò, ó sì dì mí mú pẹ́. Ó wá ba nǹkan jẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìṣirò òun tọ̀nà.

Ìṣirò ta ni? Mi ò bá a jà. Mo kàn kìlọ̀ fún un pé tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ Dádì, kó ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá òun lòun ti rí i, pé ìyókù ọjà àtijọ́ ni. Tí Dádì bá gbọ́ ọkà bàbà pẹ́nrẹ́n, kò ní jẹ́ kí ìdérí kúrò lórí ìgò. Kọ́lápọ̀ gbà. Ó búra.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Báyọ̀, wọ́n gbé àwọn ìgò tí kò fọ́ wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n Dádì, tí à ń pè ní Bàbá Ìpájà nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé, jókòó sí àga ọlọ́lá. Dádì yẹ ìgò náà wò bí ẹni tó ń yẹ ayédèrú owó wò. Ó ṣí i. Ó dà á sínú gíláàsì, ó mu ún, ó sì di ojú.

Nígbà tó la ojú, omi wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Àánú náà kò pẹ́, nítorí ó ya ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò," ló wí fún Bàbá Ìpájà. "Báálì gidi nìyí. Ahọ́n mi kì í parọ́. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi oúnjẹ adìẹ ṣe irú èyí."

Ó bi Kọ́lápọ̀ níbi tó ti rí i, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ní òpè ni ẹni tó bá gbé ọkà bàbà sínú ìkòkò, ó ní ẹni tó bá mu ún kò ní ọpọlọ. Mo ń wo ojú Kọ́lápọ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Mo mi orí sí i. Kò wò mí.

"Ọkà bàbà ni, sà," ló wí. "Ìkòtún la ti pọn ọ́n."

Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí lójú mi, ó sàn fún un kó jàre ju kó fẹ́ mi lọ.

Dádì gbé gíláàsì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ta ni 'a'?"

"Èmi àti Ọmọ́wùnmí, sà. Ọkà ni mo mọ̀. Ìkorò yẹn, òun ló ṣe é. Mo ti fọ ewúro dànù lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ́ mi. Orógbó náà, mo ní kó má fi sí i, ó rò pé mi ò rí òun nígbà tó ń fi sí i. Òun ló tọ̀nà, sà. Èmi ni mi ò mọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Kọ́lápọ̀ kò lè mọ ohun tí mo gbọ́ yìí. Kò sọ ọ́ rí. Ó wá sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti lójú bàbá mi, níbi tí kò ti ní èrè kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti fi ń bo ìfẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kúrò lára mi, ìfẹ́ náà sì ga ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹkún ń gbọ̀n mí.

Dádì ti dìde. Ó ní kí wọ́n gbé ìdọ̀tí wọn, kí wọ́n máa lọ.

"Ṣóbọ̀wálé," ni Bàbá Ìpájà wí, "o ti mu ún."

"Kì í ṣe bíà ni mo mu, ẹ̀gbọ́n. Àgbo ewúro ni."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ àgbo ni, o ò tíì mu ọtí ọmọ. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé ahọ́n rẹ parọ́ nìyẹn, nítorí ìwọ lo pè é ní báálì létí wa. Tí ahọ́n rẹ ò bá parọ́, bíà ni, o sì ti mu ún. Mú ọ̀kan jàre, ká lọ jẹun."

Dádì wo gíláàsì náà pẹ́. Mo rí i tó ń fi mí wé ahọ́n rẹ̀, mo sì mọ èyí tó fẹ́ràn jù.

"Ahọ́n mi kì í parọ́," ló wí níkẹyìn. "Bíà ni." Ó jókòó, ó sì na gíláàsì kí n bu ìyókù fún òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi mí fọ́kọ. Kì í ṣe nítorí ìwà Kọ́lápọ̀, kì í sì ṣe nítorí omijé mi. Kí ẹnikẹ́ni ní Gowon Estate má baà sọ pé ahọ́n Ṣóbọ̀wálé kò mọ báálì yàtọ̀ sí oúnjẹ adìẹ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, Dádì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun lòun kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Ó ní bíà mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ibi ìnáwó òun. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ mi ń kun èékánná, ewúro ni mò ń já.

Ọwọ́ mi ṣì dúdú nígbà tí a dé iwájú pẹpẹ. Kọ́lápọ̀ di ìka mi mú, ó mú òrùka dání, ó sì tẹ orí sí etí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fẹ́ sọ. Ó bi mí bóyá mo rántí gbé àwọn ìgò kúrò nínú oòrùn.

Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé mo ti gbé wọn sí ibòòji láti àárọ̀, àti pé tó bá tún dárúkọ ìgò níbí, màá bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Àlùfáà gbọ́. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìjọ gbọ́. Ojú ti Dádì.

"O tọ̀nà, Wùnmí mi," ni Kọ́lápọ̀ wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Mo na ìka sí i.