Ilé Àlejò Mẹ́ta ní Jàpáánì

"Ẹní ni wọ́n tẹ́ kúnlẹ̀ yìí o," ni Angèle wí. "Ẹ gbà mí. Ṣé ká wọ bàlúù ní Kútọnu, ká rékọjá òkun, ká tún lọ sùn lórí ẹní?"

Félicité já ìwé pélébé tí àwòrán ilé àlejò náà wà nínú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹní ló ń gbé ọ lọ, ìwọ ló tún ń bú ẹní."

Thérèse bú sẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni inú rẹ̀ ti ń dùn débi pé kò lè jẹun. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ọdún kẹrin tí Dàhòmì gba òmìnira nìyí, ọmọ Ifangni mélòó ló tíì fojú kan inú bàlúù? Ẹní òòré tí Madame Scholastique, olùkọ́ wọn, ń kọ́ wọn láti hun lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Porto-Novo, àwọn àlejò láti Jàpáánì rí i, wọ́n sì ní kí ọmọbìnrin mẹ́ta wá hun ún lójú àwọn ọ̀dọ́ ayé gbogbo ní ìlú àwọn. Mẹ́ta ni wọ́n pè, torí iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni ẹní ńlá tí wọ́n fẹ́ rí. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, ìrìn àjò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tó wá dùn jù ni pé, bí wọ́n bá parí iṣẹ́, wọn óò lọ fi ọjọ́ méjì sinmi ní ilé àlejò tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dáná sí i. Ilé mẹ́ta ni wọ́n fi ìwé wọn ránṣẹ́ pé kí àwọn ọmọ náà mú ọ̀kan. Èsì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ Porto-Novo lọ ní ọjọ́ Ẹtì.

Thérèse ló mọ Faransé jù láàárín wọn. Madame kó gbogbo ìwé náà lé e lọ́wọ́ pé kó lọ kà wọ́n dáadáa, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn òbí ní ọjọ́ Àìkú.

Òun àti Angèle ni wọ́n jọ jókòó kà á lábẹ́ igi ọsàn ilé wọn. Ilé kìíní ga, ó kọjú sí òkun, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní gbọ̀ngàn ijó. Ibẹ̀ ni ọkàn Angèle lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé kejì wà lórí òkè tí yìnyín bò. Àwọn méjèèjì gbọ̀n rìrì nígbà tí wọ́n rí àwòrán rẹ̀. Ilé kẹta kéré, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan. Yàrá méjìlá péré ló ní, ìyá àgbà kan ló ń bójú tó o, ẹní sì ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Thérèse wo ẹní náà títí, bó ṣe dán, bí wọ́n ṣe fi aṣọ gbá etí rẹ̀. Ìyẹn wù ú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde, kí Angèle má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ku tákàdá kan ṣoṣo, ìwé ìlànà fún àwọn àlejò ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Thérèse bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀ kó tó wọnú omi gbígbóná, àti pé àwọn obìnrin a jọ máa wọ̀ ọ́ pọ̀ ni, àwọn ọkùnrin náà lọ́tọ̀.

"Ìhòòhò?" ni Angèle bi í. Ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Thérèse, bó o bá ka èyí létí Bàbá Félicité, a ò lọ mọ́ nìyẹn. O mọ ọkùnrin náà."

Ta ni kò mọ Bàbá Fádípẹ̀, bàbá Félicité? Àgbẹ̀ ni, ní Tchaada. Ìpele méjì ni ó fi imọ̀ ọ̀pẹ yí balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ká nítorí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Thérèse rí bàlúù lójú ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń gbéra láìsí òun nínú rẹ̀. Kò yí ojú kejì tákàdá náà wò. Ó ká a, ó lọ tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn òbí pé sílé Madame. Thérèse kà, ó tú u sí Yorùbá, ó dùn létí wọn. Ìyá Angèle ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó parí, Bàbá Fádípẹ̀ tún fìlà rẹ̀ dé.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Báwo ni wọ́n ṣe ń wẹ̀ níbẹ̀?"

Angèle fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Thérèse.

"Bí tiwa ni, Bàbá. Olúkúlùkù ló máa wọ balùwẹ̀ tirẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Félicité lè lọ."

Ilé kìíní ni wọ́n mú. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè. Irọ́ náà sì ti fò kọjá; Thérèse rò pé ó ti lọ pátápátá ni.

Ní Ọjọ́rú, Madame jókòó láti kọ èsì. Thérèse àti Félicité wà níbẹ̀, wọ́n ń ka iye ọjọ́ tó kù kí wọ́n wọ bàlúù. Madame tún lẹ́tà àwọn ará Jàpáánì kà, ó sì gbójú sókè.

"Wọ́n ní ìwé pélébé mẹ́ta àti ìwé ìlànà kan ni àwọn fi ránṣẹ́. Thérèse, ìwé ìlànà dà?"

Thérèse dìde. Ó lọ sílé, ó mú un wá. Madame ka ojú kìíní, ó sì nà án sí Félicité. Félicité kà á tán, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O purọ́ fún bàbá mi," ló wí.

"Èmi kọ́ ni màá tún un ṣe," ni Madame wí. "Kó gbogbo ìwé yìí, kó o lọ bá Bàbá Fádípẹ̀."

Ọ̀nà Tchaada gùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Félicité ń rìn níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń bó àgbàdo nínú àgbàlá. Thérèse kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò dárúkọ Angèle.

Bàbá Fádípẹ̀ gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi ò lọ. Má rò pé torí ìhòòhò ni. Lẹ́bàá odò ni ìyá tó bí mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ohun tí o fi pa mọ́ fún mi ló ń dẹ́rù bà mí. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi lókè òkun, ta ni yóò sọ òótọ́ rẹ̀ fún mi?"

Omijé bọ́ lójú Thérèse. Ojú tì í, ìrìn àjò sì dùn ún dọ́kàn, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló ti bàjẹ́ yìí. "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n ka gbogbo rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn náà, màá lọ sọ fún àwọn tó kù pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Bàbá Fádípẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan sí i níwájú. "Jókòó. Bó o ṣe ń kà, máa bó o."

Thérèse ka ilé kìíní, ó ka ilé kejì. Ó kà á pé wọ́n máa ń jẹ ẹja tútù.

"Wọn ò sè é?"

"Wọn ò sè é, Bàbá."

"Áà. Máa kà."

Ó ka ilé kẹta. Ó mú ìwé ìlànà, ó ka ti ìhòòhò láìgbé ohùn sílẹ̀. Ó kà á pé kí àlejò kọ́kọ́ wẹ̀ mọ́ tónítóní níta, kó má mú ọṣẹ tàbí kànìnkànìn wọnú omi gbígbóná, nítorí gbogbo ènìyàn ló ni omi náà.

Bàbá Fádípẹ̀ mi orí. "Àwọn wọ̀nyí lọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fọ ẹsẹ̀ sínú omi tí a ń pọn."

Lẹ́yìn náà ni Thérèse yí ojú kejì, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kà rí. Ní ilé kìíní, adágún ńlá kan ṣoṣo ló wà, ọgọ́rùn-ún obìnrin sì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ní ilé kẹta, yàrá omi kékeré kan wà tó nílẹ̀kùn. Àlejò tí kò bá fẹ́ kí ojú ẹlòmíì tó òun lè wọ̀ ọ́ ní òun nìkan, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

"Tún un kà," ni Bàbá Fádípẹ̀ wí. Ó tún un kà.

"Ohun tí mò ń bi ọ́ ní ọjọ́ Àìkú rèé. Inú àpótí rẹ ni ìdáhùn wà, o sì fún mi ní irọ́. Ká ní mi ò mọ̀, inú adágún ọlọ́gọ́rùn-ún ènìyàn yẹn ni ìwọ ì bá mú ọmọ mi lọ." Ó gbọn ìyàngbò kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Ilé kẹta ni kí ẹ mú. Félicité á lọ. Ṣùgbọ́n Félicité ni yóò máa kọ lẹ́tà sí mi. Ẹnu tìrẹ, mi ò tíì gbà á gbọ́, ó dìgbà tí mo bá tún rí i bó ṣe ń sọ òótọ́."

Félicité ké igbe ayọ̀, ó sì dì mọ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fa Thérèse dìde. "Ẹkún tó," ló wí. "Ẹní là ń lọ sùn lórí rẹ̀." Àwọn méjèèjì sáré gba ọ̀nà Ifangni, ẹ̀rín ń pa wọ́n, eruku ń sọ lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà bá ọkọ̀ Porto-Novo lọ, orúkọ ilé kẹta wà nínú rẹ̀, àwọn òbí yòókù sì ti gbọ́ òótọ́. Ìwé àwọn ọmọ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Félicité báyìí. Òun ni Madame fi ṣe aṣáájú wọn. Ayọ̀ kún Thérèse lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó dùn ún díẹ̀ nígbà tí òbí kọ̀ọ̀kan ń bi Félicité léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń bi òun tẹ́lẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ: irọ́ a máa fi ọ̀nà tó kúrú han ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á yóò padà wá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà òótọ́ tó gùn, yóò sì pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé kó tó débẹ̀.