Ẹ Má Rọ Ọmọ Tí Imú Rẹ̀ Dí

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ àwọn ọmọdé ní í jí wa ní agbolé wa l'Ẹ́dẹ. Mansur, ọmọ-ọmọ wa, ló kọ́kọ́ gbé e ti ilé ìwé dé. Ó ń wúkọ́, ó ń sín, ó sì ń gbé àbúrò rẹ̀ Ibtisam jó kiri. Ibtisam ò tíì mọ ìrìn.

Kò pẹ́, ara Ibtisam gbóná jànjàn. Omi ń já nímú rẹ̀, ó rẹ̀ wẹ̀sì bí ewé tí oòrùn pa. Tó bá fa ọmú díẹ̀, á tú u sílẹ̀, á máa ké.

Àwáwù orogún mi, ọmọ àdúgbò Alájué, ti gbé àgbo kaná. Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, ó fẹ́ rọ ọ́ bí a ṣe ń rọ ọmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Naimat, ìyá ọmọ, ní, "Ìyá Alájué, ẹ jọ̀ọ́, imú ẹ̀ dí o."

"Ṣé imú ni mo fẹ́ rọ ọ́ sí ni? Ta ló rọ bàbá ẹ̀ tó fi di géńdé?"

Mo bá wo àyà ọmọ náà. Ìhà rẹ̀ ń wọnú, ó ń mí gúlegúle.

"Àwáwù, gbé àgbo ẹ sílẹ̀. Ọmọ tí ò rí èémí mí, báwo ló ṣe fẹ́ gbé nǹkan mì?"

"Háà! Ìyáálé mi ti di dókítà!"

"N ò kàwé, àmọ́ ojú mi ò fọ́. Dìde, ká lọ."

A wọ Márúwá lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ fi rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú. Naimat ń sunkún. Àwáwù ò lè jókòó.

Nígbà tí mímí rẹ̀ rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Fúlúù ni, ọ̀fìnkìn líle tó ń mú ara gbóná, tó ń fa ikọ́ àti ara ríro. Ó ti fẹ́ kan ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá, ṣé ẹ rọ ọ́?"

Àwáwù ní, "Ó kù díẹ̀."

"Ọlọ́run ló yọ ọ́. Tí imú bá dí, tẹ́ ẹ tún dé ẹnu, àgbo lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ó lè pa ọmọ."

"Ká wá máa wò ó níran ni?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Parasitámọ́ọ̀lù ọmọdé, ìwọ̀n tí a bá sọ nìkan. Ẹ má fún ọmọ ní asipirín. Kápúsù tí ẹ máa ń rà ní kẹ́míìsì náà kì í pa kòkòrò fúlúù, ẹ má dédé là á sí ẹ̀kọ ọmọ."

Ìgbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, Ibtisam ń fa ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ni mo bá dá orin, Àwáwù sì gbè é:

Èémí wọlé, èémí jáde o,
Ọmọ wa mí, ayọ̀ mi dé!

Ẹ̀yin ìyá, tí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ yí dúdú, tí ó kọ ọmú, tí gìrì mú un, tàbí tó sùn tí kò ṣeé jí, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ara ẹ̀ bá ti gbóná, ẹ má dúró rárá.

Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó wú u sí ìgunpá, kó má gbé ìkókó. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ má sì fi ipá rọ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó rí èémí mí ná.