Òkúta Tó Sán Lábẹ́ Orúkọ Ọlọ́run

Agbẹ́kùúta kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Bó bá ti gbé irin lé òkúta, tó fi òòlù kàn án, lẹ́tà á jáde geere bí ẹni pé pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Òun ló gbẹ́ àgbélébùú tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àárín ìlú. Òun ló kọ orúkọ Ọlọ́run sára ògiri ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ wọlé lọ kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run tó ń kọ orúkọ Rẹ̀ kiri? Ó tì o.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, náà bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín. Á ní ṣebí òun lòun ń kọ orúkọ Rẹ̀ sára òkúta, Ọlọ́run á ti mọ ilé òun, kò dìgbà tóun bá ń wá kí I lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ẹnubodè ìrántí sáàárín ìlú, ta ni wọn ì bá tún pè? Òpó ńlá méjì ni, òkúta gígùn kan á sì dábùú wọn lókè bí àtẹ́rígbà. Ara òkúta yẹn ni wọ́n ní kó gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí: ỌLỌ́RUN NI ÀPÁTA ORÍLẸ̀-ÈDÈ WA.

Ó ku lẹ́tà méjì péré kó parí ni òkúta sán. Ibi tó sán náà kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun lọ, ṣùgbọ́n ó wọnú lọ jìnnà.

Gbogbo agbẹ́kùúta ló mọ ohun tó kàn. Wọn á sọ fún ẹni tó níṣẹ́, wọn á gbé òkúta náà tì, wọn á wá òmíràn. Ẹnu wo ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n fẹ́ fi sọ ọ́, ẹni tó ti ń fọ́nnu láti ọgbọ̀n ọdún pé òkúta kan kò sán lọ́wọ́ òun rí? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó kó ìyẹ̀fun òkúta jọ nílẹ̀, ó fi góòmù pò ó, ó fi dí ibẹ̀ pa, ó sì fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Ó wá rọra gbẹ́ lẹ́tà méjì tó kù.

Bí wọ́n ṣe ń dán òkúta wò ni pé wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án. Èyí tó bá dára á dún gooro. Èyí tó bá ti sán nínú, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà bọ̀wọ̀ fún un débi pé ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́, ó ní kí bàbá bá wọn kàn án. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n kan ibi tó dára, ó dún gooro. Ó tún un kàn, ibi tó dára yẹn náà ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì gbé òkúta gòkè.

Àtọjọ́ náà ni ara kò ti rọ̀ ọ́ mọ́. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹnubodè yẹn gan-an. Bó bá jókòó sídìí iṣẹ́, òkúta ń wò ó. Bó bá ti fèrèsé, ó mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin sáré wọlé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní wọ́n ti mú ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ àwọn láti kọrin lọ́jọ́ ìṣíde ẹnubodè, abẹ́ òkúta bàbá òun gan-an làwọn máa dúró sí. Bàbá gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ó ní ọmọ kò gbọdọ̀ lọ. Ọmọ bú sẹ́kún, ìyá ọmọ béèrè ìdí, bàbá ní kí wọ́n ṣáà ṣe bí òun ti wí. Bó bá sì fi tirẹ̀ pamọ́, tọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ ọgbọ̀n ọdún wọlẹ̀. Bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ wà lábẹ́ òkúta. Kò sí ibi tó lè yà sí.

Nígbà tí ìṣíde ku ọ̀la, kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó tún gbé góòmù ni! Àtẹ̀gùn tóóró kan wà nínú òpó, tó gòkè dé ẹ̀yìn òkúta náà. Ó yọ́ gorí rẹ̀ láti lọ tún ibẹ̀ dí. Nígbà tó débẹ̀, góòmù àkọ́kọ́ ti sún kì, ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èékánná rẹ̀ sì wọ ibi tó sán náà. Ẹ̀rù bà á, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ìsàlẹ̀ kò ṣí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnubodè ti tì í látìta, kò mọ̀ pé èèyàn wà nínú.

Ó pariwo. Ìgbà náà gan-an làwọn ọmọ dé láti wá fi orin wọn dánra wò, orin wọn sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín wọn. Ó sáré padà sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di òkúta mú, bí ẹni pé èèyàn kan lè gbé irú ẹrù yẹn dúró. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ń gbọ̀n rìrì.

Ó ní, "Jésù, mo kọ orúkọ Rẹ síbi gbogbo, mi ò sì pè Ọ́ rí. Dákun, gba àwọn ọmọ yẹn. Gba èmi náà."

Àwọn ọmọ kọrin tán, wọ́n lọ, òkúta kò já. Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá kó pákó tí wọ́n fi gbé òkúta gòkè, ló gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn, tó lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òógùn àti eruku bò ó, agolo góòmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbẹ́kùúta jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Káfíńtà jókòó tì í. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí o ṣe fún òkúta yìí, òun náà lo ti ń ṣe fún ọkàn rẹ. Jésù ò ní bá ẹ fi góòmù dí i o. Ó kú torí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Fi ibi tó sán hàn Án, Ó máa fún ẹ ní ọkàn tuntun."

Ibẹ̀ ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, lórí àtẹ̀gùn tí kò gba èèyàn méjì. Bó ti dìde, ó mú agolo góòmù náà lọ́wọ́, ó sì lọ bá ẹnjiníà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnjiníà sọ sí i kò ṣeé kọ síwèé. Wọ́n sún ìṣíde síwájú, wọ́n fi ṣéènì sọ òkúta kalẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bó ti fara kan ilẹ̀ ló pín sí méjì. Ọmọ agbẹ́kùúta di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa gbọ̀n."

Agbẹ́kùúta mìíràn ni wọ́n gbé òkúta tuntun fún. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kọjá níwájú àgbélébùú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ó wọlé, ó sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kò sun irú oorun tóun sùn lọ́sẹ̀ yẹn rí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá orúkọ Ọlọ́run wà lára ilé ìgbìmọ̀ ìlú rẹ, àti lára ère àwọn akọni yín. Ó dára. Àmọ́ òkúta kò lè ronú pìwà dà fún ọ. O ti ń kan ibi tó dára fún aráyé gbọ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí o fi góòmù dí.

Má dúró dọ̀la. Àwọn tó o fẹ́ràn ló dúró sábẹ́ òkúta yẹn. Gbé òòlù náà nísinsìnyí níbi tí o jókòó sí, kí o kan ibi tó sán, kí o jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí Jésù gbọ́ ọ.