Gómìnà Kọ̀, Kò Rìn Mọ́

“Tí n kò bá gun ẹṣin dé iwájú àwọn àlejò lọ́jọ́ Jímọ̀, màá máa gbálẹ̀ kíláàsì yín títí táàmù yóò fi parí! Èmi Àdùfẹ́ ọmọ Àṣírù ló sọ bẹ́ẹ̀!”

Orí bẹ́ǹṣì ni mo gùn kí n tó sọ ọ́, kí gbogbo SS2B lè rí mi dáadáa. Múyìwá, olórí ẹgbẹ́ aláwọ̀ búlúù tí a jọ ń du ife ẹ̀yẹ ìwọ́de ọjọ́ eré ìdárayá náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Ìwọ? Obìnrin? Lórí ẹṣin? Ẹṣin ọ̀hún á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé ẹ síbẹ̀.”

“Ẹṣin wa kì í ṣe irú èyí tó o mọ̀,” ni mo dáhùn. “Argentina ló ti wá. Ẹṣin póòlò ni!”

Irọ́ gbuu ni. Bọ̀nú lókè Ọya ni Gómìnà, ẹṣin Bàámi, ti wá, nínú ọkọ̀ tó kó màlúù. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi bá Bàámi ṣiṣẹ́ fọ́tò létíkun. Tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà sókè báyìí, Gómìnà á dúró gbagidi, á na ọrùn, á wá máa wo ọ̀nà òkun bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀. Àfi tí kámẹ́rà bá sọ̀ kalẹ̀ ló tó lè gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ etíkun kò lọ mọ́, Bàámi mú un wá sí abẹ́ páànù kan lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ń to kọ̀ntẹ́nà òfìfo sí ní Liverpool Road.

Bàámi kò kọ̀ láti yá mi ní Gómìnà. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́.

“Abẹ́ pátákò ẹṣin ní kòtò. Ohunkóhun tó bá wà lójú títì yìí, ibẹ̀ ló máa há sí. Yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kó o tó kúrò níbí. Tó o bá débẹ̀, tún yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.”

Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Èèyàn á fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, òun náà á sì gbé e fúnni. A ó wá fi irin kékeré tó tẹ̀ lẹ́nu wa ìdọ̀tí jáde, láti gìgísẹ̀ lọ sí iwájú, láì gún ibi tó rọ̀ láàárín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi àti Bàámi fa Gómìnà gba àárín àwọn tírélà kọjá. Wọ́n ń fun fèrè fìn-ìn, Gómìnà ò tilẹ̀ yíjú. Bí a ṣe dé ilé-ìwé wa ní Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi Dinah gbá mi mú. Bíi jagunjagun ni mo fẹ́ ṣe wọ pápá. Kọ́tìnnì pálọ̀ wọn ni Dinah fi rán ẹ̀wù ogun mi. Ìgbà tí a wá idà tì, mo ki irin tí Bàámi fi ń wa pátákò bọ ìgbànú. Ó yẹ mí gan-an.

“Àdùfẹ́,” Bàámi pè mí, “ṣé o ti yẹ pátákò rẹ̀ wò?”

Dinah ń fi tìróò sí mi lójú lọ́wọ́.

“Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Bàámi.”

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàámi.”

Kò sí ẹyọ kan tí mo gbé. Bàámi wo irin tó wà ní ìbàdí mi, ó mi orí, ó sì lọ dúró ti ògiri.

Wọ́n fun fèrè. Mo wọ pápá. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí níbẹ̀, ẹ pàdánù! Ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé, to sẹ́yìn mi, àwọn ọmọ JSS ń pariwo, mo gbé àyà síwájú bí ẹni tó ti ṣẹ́gun ìlú méje. Ó ku nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ kí n dé iwájú àwọn àlejò ni Gómìnà dúró.

Mo fi ẹsẹ̀ kàn án níkùn. Kò mira. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dijú.

“Abeg, put am for neutral make we push am!” Ikechukwu, tó ń fun fèrè ẹgbẹ́ wa, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Pápá bú sẹ́rìn-ín.

Mo wo yíká. Fóònù ló kún òkè! Gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀, mo dìde dúró lórí gàárì.

“Ẹ gbé fóònù yín sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó rìn! Gbogbo yín! Bàbá tó wọ agbádá funfun, ẹ̀yin náà!”

Alága ẹgbẹ́ àwọn òbí ni bàbá alágbádá funfun. Ó yára ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Fóònù yòókù náà sọ̀ kalẹ̀. Mo fa ìjánu, mo rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun sí Múyìwá.

Gómìnà gbé ẹsẹ̀ méjì, orí rẹ̀ ń jó lọ sókè sódò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ká ẹsẹ̀ òsì iwájú sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe fóònù.

“Àdùfẹ́!” Múyìwá pariwo. “Ṣé Argentina ń sinmi ni?”

Ìyáàfin Níyìọlá, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, sáré dé tòun ti máìkì. “Nà án lẹ́gba! Àwọn àlejò ń wò wá!”

Ogójì ìṣísẹ̀ péré. Tí mo bá nà án, yóò tiro dé ibẹ̀. Ife ẹ̀yẹ á jẹ́ tiwa, mi ò sì ní gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo wo Bàámi lọ́ọ̀ọ́kán. Kò kúrò lójú kan. Ìbàdí mi ló ń wò.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

“Padà sórí ẹṣin yẹn!”

“Mi ò gùn ún, mà.”

“Kí lo wí?” Máìkì gbé ohùn rẹ̀ dé àdúgbò Amukoko.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ lè nà mí, ẹ lè lé mi lọ sílé. Mi ò gùn ún.”

Mo fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ Gómìnà wálẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ti ń retí mi láti àárọ̀. Orí irin kan tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ntẹ́nà, irú èyí tí wọ́n máa ń gé jù sójú títì, ló há síbẹ̀. Mo yọ idà mi. Mo rọra wà á jáde. Mo gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i.

“Ohun tó wà níbẹ̀ rèé! Bàbá mi ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mo purọ́ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe fóònù yín. Kì í sì í ṣe Argentina ló ti wá, Bọ̀nú ni! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n gùn ún pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí, kó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gun òun ná!”

Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tú gàárì, mo gbé e lé èjìká, mo sì fa Gómìnà jẹ́jẹ́ lọ síwájú àwọn àlejò. Ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tún ṣe lọ sókè, Gómìnà sì tún dúró gbagidi, ó na ọrùn. Alága sọ̀ kalẹ̀ wá ya fọ́tò. Múyìwá fi ara ti ẹṣin: “Ẹ yà mí dáadáa o!” Ìyáàfin Níyìọlá gan-an ń tún gèlè ṣe.

Lẹ́yìn náà ni alága gba máìkì, ó ní ìgboyà tí òun rí lónìí ju ife ẹ̀yẹ lọ. Ife ẹ̀yẹ náà kúkú ti dọwọ́ ẹgbẹ́ búlúù, ìgbálẹ̀ sì ń dúró dè mí. Omijé ti fi tìróò ya odò sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo pa irọ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló gún. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé, kí èèyàn jẹ́wọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn wúwo ju gàárì lọ, àmọ́ ó ṣeé gbé. Dinah ń sunkún. Ikechukwu ń sunkún. Alága fi etí agbádá nu ojú.

Bàámi dé. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ parí. Ó wo Gómìnà láti orí dé ilẹ̀, ó wá wò mí.

“Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta,” ó ní.