Àmín Tó Pẹ́ Dé

Iná tọ́ọ̀ṣì kékeré tí obìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi ń yẹ inú ẹ̀rọ wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú rẹ̀: adúmáadán, tó ń dán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkùnrin náà. Ojú igi ló fi ń mọ ohun tó dára.

Ó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn oníbàárà yòókù, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ti gba ohùn rẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ sójú ẹ̀rọ yìí lẹ̀rọ ń bá a sọ jáde. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan fún ara rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń sọ nǹkan sínú. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀, ó lọ tẹ bọ́tìnnì ohùn.

"Obìnrin yìí rẹwà dé ibi pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," ni ẹ̀rọ náà ké jáde, pẹ̀lú ohùn asọ̀ròyìn.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí i. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, Gbẹ́nàgbẹ́nà ì bá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ náà tún ké: "Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́," ni obìnrin náà fèsì. Ìgbà yẹn ló rí àpá tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, mi ò mọ̀."

"Kò sí wàhálà. Ìdákẹ́ niṣẹ́ tí mo mọ̀ jù báyìí."

"Kí ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ yín?"

Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó wù ú kí ẹ̀rọ náà lè rẹ ohùn sílẹ̀. Ó wù ú kó yé dúró de ìparí ọ̀rọ̀ kó tó lanu, torí àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ á ti lọ. Bátìrì rẹ̀ sì máa ń kú láàárín àríyànjiyàn, oníbàárà rẹ̀ á wá rò pé ó ti gbà.

"Ohun tó bàjẹ́ ni mo bi yín. Ohun tó wù yín lẹ̀ ń sọ."

"Ohun tó wù mí ló pọ̀ jù níbí."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ àga tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu fún un. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì: kò pẹ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi mọ̀. Ó ku Bàbá.

Bàbá obìnrin náà ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ohùn tó fi ń borí ẹ́ńjìnnì ló kù sí i lára. Àdúrà ló fi ń kí àlejò. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ni àfẹ́sọ́nà òun fi ń sọ̀rọ̀. Kò rántí sọ pé ẹ̀rọ náà ń pẹ́ kó tó fọhùn.

"Wà á jèrè ọwọ́ rẹ," ni Bàbá wí lọ́jọ́ tí Gbẹ́nàgbẹ́nà wá kí i. Ó dúró de àmín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń mirí. Bàbá ò rí i. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí ẹ̀rọ.

"O ò ní fojú sunkún ọmọ." Àmín ò dé.

Ojú Bàbá korò. "Àdúrà mi ò tó ohun tí à ń ṣe àmín sí? Àbí ńṣe lo fẹ́ mú ọmọ mi lọ, kó o já a jù sílẹ̀ lọ́la?"

"Àmín," ni ẹ̀rọ náà ké, ketekete. "Àmín."

Ife omi bọ́ lọ́wọ́ ìyá obìnrin náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ ṣàlàyé títí, Bàbá ti ń wá ọ̀pá rẹ̀. "Etí mi ò tíì di. Ẹ mú un jáde."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Obìnrin náà wá a lọ síbi iṣẹ́, láàárín èérún igi.

"Bóyá Bàbá rí ohun tí àwa ò rí," ni ẹ̀rọ wí.

"Bàbá tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀? Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, ẹ̀rọ ni n ó tún ṣe. Ẹ gbé e wá."

Ó gbà á. Ọkùnrin náà wà láìlóhùn títí iṣẹ́ fi parí. Obìnrin náà kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Gbẹ́nàgbẹ́nà sì gbẹ́ bọ́tìnnì igi sí i: béèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, àmín dé. Bátìrì nìkan lagbára wọn ò ká.

Ìyá bẹ Bàbá títí ó fi gbà á wọlé.

"Ọlọ́run á gbé ọ lékè," ni Bàbá wí, bí ẹni ń ṣèdánwò.

"Àmín."

Bàbá ta gìrì. "Irinṣẹ́ rẹ ò ní gé ọ lọ́wọ́."

"Àmín."

Ló bá di pé Bàbá gbádùn ara rẹ̀. Ó gbàdúrà fún ilé, fún ọ̀nà, fún eyín àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Àmín ń rọ́ lé àmín. Ó wá mí kanlẹ̀. "Ẹ ó jọ darúgbó."

Kò sí ohùn. Bátìrì ti kú.

Ọmọbìnrin náà di àyà mú. Gbẹ́nàgbẹ́nà kúnlẹ̀, ó mú àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó mirí. Ọwọ́ Bàbá rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kan àpá ọrùn, ó sì dúró gbagidi.

"Ibí lohùn náà ti bọ́?"

Orí mì.

"Lọ́jọ́sí, ṣé báyìí lo mirí fún mi?"

Orí mì.

Bàbá fà á mọ́ra. "Mo lé ẹni tó ń ṣe àmín jáde." Òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣe é: "Àmín. Mo ti fi ọmọbìnrin mi fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wá bátìrì tó ju èyí lọ. Àdúrà ṣì kù."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, níwájú gbogbo ẹbí, ọkọ gbé ẹ̀rọ náà sétí ìyàwó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí èémí: "Obìnrin yìí rẹwà dé ibi pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

"Àmín," ni ìyàwó dáhùn. Kò pẹ́ rárá.