Òórùn Inú Fèrè Idẹ

Ìka méjì péré ni Afínjú fi gbé fèrè idẹ náà sókè, bí ẹni gbé òkú eku. Ó na ọwọ́ jìnnà sí ara, ó yínmú, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ẹnu fèrè títí ó fi ń dán.

"Kí lo ń nù tó bẹ́ẹ̀?" ni olùkọ́ orin bi í láti ìdí dùrù.

"Itọ́ ni, sà. Àlejò ló fọn ọ́ kẹ́yìn."

Gbogbo ẹgbẹ́ afọnfèrè bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Àlejò jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Fèrè idẹ kan ṣoṣo ni ilé ìwé náà ní, àwọn méjì ló sì ń fọn ọ́. Afínjú ti wà nídìí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, nígbà tí bàbá rẹ̀ rí iṣẹ́ sí ìlú náà láti orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì odò. Olùkọ́ ti sọ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fọn jù nínú àwọn méjèèjì ni yóò dá fọn orin ìbẹ̀rẹ̀ níbi ìdíje àwọn ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tí Afínjú ti ń retí ọjọ́ náà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Àlejò mọ fèrè í fọn jù ú lọ, gbogbo ẹni tó ní etí ló sì gbọ́ ọ.

Afínjú kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi í pè é. Kì í jókòó sórí àga láì kọ́kọ́ nù ún. Kì í fi ife ẹlòmíràn mu omi. Bí aṣọ rẹ̀ bá ṣèèṣì kan ògiri, á yẹ ibẹ̀ wò títí yóò fi sú àwọn tó wà nítòsí. Bisikíìtì oníwàrà nìkan ni kì í yínmú sí. Kò sí ìgbà tí ẹ ó bá a láìsí páálí kan nínú àpò rẹ̀. Á ju ọ̀kan sẹ́nu, á fọn fèrè, á tún ju òmíràn sẹ́nu.

Ìyá rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará òdìkejì odò fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyá ń ṣètò òwú nínú ṣọ́ọ̀bù ni Afínjú sọ fún un pé ọmọ ibẹ̀ kan ti wọ kíláàsì àwọn.

"Àwọn yẹn?" Ìyá ki ṣóńṣó òwú bọ ẹnu, ó fi itọ́ rẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì tì í bọ ojú abẹ́rẹ́. "Wọn kì í fọ eyín, ọmọ mi. Bí wọ́n bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi, ńṣe ni mo máa ń sé èémí. Eyín wọn á pọ́n bí irin tó dípẹtà."

"Gbogbo wọn náà, Màmá?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn."

Lóòótọ́, eyín Àlejò pọ́n. Ìlà tóóró-tóóró wà lára rẹ̀, bí ife tí tíì ti dì mọ́ nínú. Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin lójoojúmọ́, á kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, á yọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́, á tu omi náà dànù, á tún bu òmíràn. Ìyẹn gan-an ni Afínjú fi dá a lẹ́bi.

"Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá rùn," ló wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, "kí ló ń fọ̀ lọ́sàn-án gangan?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Afínjú ṣí àpótí fèrè lọ́jọ́ kan, nǹkan kan sì gbá a nímú, bí ìgbà tí wàrà bá kan sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó sáré sẹ́yìn, ó sì ké sí olùkọ́.

"Sà, mi ò lè fi ẹnu mi sí ibi tí ẹni yìí ń fi ẹnu sí mọ́. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra yín."

Olùkọ́ gbé fèrè súnmọ́ imú, ó sì fajú ro. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò wá gbóòórùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan. Ọ̀kan lára wọn tutọ́ gba ojú fèrèsé. Inú Afínjú dùn débi pé kò lè fi bò mọ́.

"Ní ìlú yín, ẹ kì í fọ eyín," ó wí fún Àlejò lójú gbogbo wọn. "Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Níbí, àwa máa ń fọ tiwa."

"Mo ń fọ eyín láàárọ̀," ni Àlejò wí. "Mo sì ń fọ̀ ọ́ lálẹ́."

"Kí ló wá dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?"

"Omi kànga ìlú wa ló ń mú kó pọ́n. Láti ìgbà tí eyín bá ti ń hù ni omi náà—"

Wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ̀rín ti gba gbogbo yàrá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, olùkọ́ wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Gbogbo ohun tó rí sọ ni pé, "Àlejò, lọ sinmi ná. Bí ìdíje bá kọjá, a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é." Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá sí ẹgbẹ́ afọnfèrè mọ́.

Bí Afínjú ṣe di ẹni tó ni fèrè nìyẹn. Ó se omi gbígbóná, ó fi ọṣẹ fọ ibi tí ẹnu ń kàn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá fín lọ́fíńdà ìyá rẹ̀ sínú fèrè, ìyẹn náà sì dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà ńlẹ̀, ó di ohun tí kò ní orúkọ.

"Òórùn Àlejò ló ti wọ inú irin lọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bí òórùn ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ìyá Afínjú náà sì wà lórí ìjókòó iwájú. Kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, Afínjú jẹ bisikíìtì méjì lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì jáde síwájú èrò. Ohùn àkọ́kọ́ dún dáadáa. Èkejì há. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, fèrè ń húkọ́ bí àgbò tí òtútù mú. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ ẹ, kò lọ. Ìbẹ̀rù mú un, ó mí kanlẹ̀ láì yọ ẹnu kúrò, ohun kan tó tutù, tó ń yọ̀, sì gba inú irin padà wá bà lé e lórí ahọ́n.

Ó tu ú jáde. Ó bà lé àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó dúdú, ó tún ní àwọ̀ ewé, ó ń fà bí ikun. Kí ó tó di pé ó lè sá, èébì ti gbé e. Lójú gbogbo èrò ló bì, ní iwájú àwọn adájọ́ gan-an.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, olùkọ́ fa irin títẹ̀ ara fèrè yọ, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó fi ìka gbọ́n jáde dà bí ẹ̀kọ tó ti bu, itọ́ àti èérún tó ti di ọ̀kan, tí olú ti hù lé lórí. Nínú rẹ̀, wọ́n ṣì ń rí wàrà aláwọ̀ ìyeyè tó wà láàárín bisikíìtì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ di imú, wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹni tó tutọ́ gba ojú fèrèsé lọ́jọ́sí tún tutọ́.

"Bisikíìtì nìyí," ni olùkọ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Àlejò kì í jẹun kó tó fọn fèrè. Ìdí ẹ̀rọ omi ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ojú mi ló ti ń ṣe é, mo sì dákẹ́."

Ojú ti Afínjú débi tí kò lè gbé orí sókè. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì rò ó láì fi ọ̀kan pamọ́.

"Àwa náà, wọ́n sọ ọ́ fún wa ni," ni ìyá wí. "Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ." Ó mú aṣọ oníbàárà kan, ó ki òwú bọ ẹnu, ó fi itọ́ rẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọrùn rẹ̀. Afínjú tẹjú mọ́ òwú tútù náà bó ṣe ń wọ inú aṣọ.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, ó gbé fèrè tó ti fọ̀ tinú-tòde lọ bá Àlejò lẹ́yìn yàrá orin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé e láti wòran.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ó wí. "Èmi ni. Kì í ṣe ìwọ. Padà wá fọn ọ́."

Àlejò kò tètè gbà á. Ó tẹrí sí ẹnu fèrè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yínmú. Bí Afínjú ṣe máa ń yínmú gẹ́lẹ́ ni.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín nílé wa?" ló bi í. "Wọ́n ní ẹ̀yin ará ìhín odò kì í fọ eyín. Wọ́n ní lọ́fíńdà lẹ fi ń bo òórùn. Nígbà tí mo dé, ó wù mí kí n sọ fún ìyá mi àgbà pé irọ́ ni." Ó gbójú sókè. "Ṣé irọ́ ni?"

Òórùn lọ́fíńdà ṣì ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú fèrè.

"Kọ́kọ́ lọ yọ́ ẹnu rẹ mọ́," ni Àlejò wí.

Ó lọ. Lójú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi, ó yọ́ ẹnu, ó tu ú dànù, èérún bisikíìtì àárọ̀ sì bá omi náà jáde sórí sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá tilẹ̀ sàn fún un kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àlejò padà sẹ́gbẹ́, òun náà ló sì dá fọn orin ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n jọ ń yọ́ ẹnu báyìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Títí di òní, bí fèrè bá ti ọwọ́ Afínjú dé ọwọ́ rẹ̀, Àlejò á fi áńkáṣíìfù nu ẹnu fèrè náà títí yóò fi dán, kí ó tó fi sẹ́nu. Afínjú á dúró tì í, á máa wò ó, kò sì ní bínú. Bí a bá fi ẹ̀gàn bo odindi orílẹ̀-èdè kan, a kì í rí èyí tó ń jẹrà lára wa. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ti Afínjú tilẹ̀ bá òun fúnra rẹ̀, ẹnu ló sì ti bá a.